Ilé Àlejò Tó Gba Orúkọ Ọkọ Mi

Bí ẹ bá rí obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru tó ń mú gbogbo ayé làágùn, ẹ má rò pé òtútù ló ń mú un. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wọ alápá gígùn ní ìlú Jàpáànì nítorí pé ọmọ mi ní kí n máa wọ̀ ọ́. Wọ́n fín orúkọ ọkọ mi sí mi lápá òsì, láti ìgúnpá títí dé ọrùn ọwọ́, ní lẹ́tà ńláńlá: OYÈKÚNLÉ. Ọkọ mi ti kú. Orúkọ rẹ̀ kò kú.

N óò sọ bí orúkọ náà ṣe dé ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọmọ ìta ni mí. Tíṣà ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mo lọ, mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti ní Akínmọ̀ọ́rìn títí mo fi fẹ̀yìn tì ní ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo jẹ́ àfẹ́sọ́nà, ìyá ọkọ mi mú obìnrin kan tó mọ ara fín wá láti Ọ̀yọ́. Ó ní gbogbo ìyàwó ilé àwọn ló ní orúkọ ọkọ lápá, pé ìwé tí mo kà kò sọ pé kí n má ṣe bí ìyàwó. Mo jókòó sórí àpótí, mo na apá, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ àti dúdú ẹnu àtùpà kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí mi lára. Mi ò sunkún. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà nígbà yẹn. Kò sí ẹni tó ní kí òun náà kọ orúkọ mi síbì kankan.

Akọ̀wé ni ọkọ mi ní káńsù ní Jóbẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ wa kan ṣoṣo, ìpàdé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní káńsù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ìpàdé náà ní ilé ní Ìlọrà, ó ń wọ yẹtí, ó sì bí ọmọ mẹ́ta fún un. Wọ́n ní oyè kún ilé. Obìnrin Ìlọrà ló kún tiwa. Bẹ́ẹ̀ díákónì ni ọkọ mi o! Ìjọ yọ ọ́ nípò fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tún dá a padà. Èmi tí mo ní n kò bá wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà mọ́ ni wọ́n pè ní ọlọ́kàn líle.

Ó kú tán, a sin ín tán, Káyọ̀dé ọmọ mi pè mí láti Jàpáànì níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà, tó sì ti fẹ́ ọmọ ibẹ̀, Emiko.

"Mọ́mì, kí lẹ tún ń ṣe ní Fìdítì? Ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ wa."

Ìsinmi! Mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti se oúnjẹ tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì yóò gbé lọ sílé ìwé. Mo mú wọn lọ, mo mú wọn bọ̀, mo fọ aṣọ, mo gbá ilé, mo dúró ti èyí tí ara rẹ̀ gbóná. Káyọ̀dé ń lọ síbi iṣẹ́, Emiko ń lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mo ń sinmi. Bí àlejò bá dé, Káyọ̀dé á ní, "Màmá mi ń bá wa gbé." Kò sí ọjọ́ kan tí ó sọ pé, "Màmá mi ló ń tọ́ àwọn ọmọ wa."

Ọ̀rọ̀ kíkí ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ní Fìdítì, bí o bá kọjá lára ènìyàn láì kí i, wọ́n á bi ọ́ bóyá ara rẹ ò yá, tàbí bóyá wọ́n ṣẹ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ mo wọ lífítì, mo kí àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan káàárọ̀ lédè wọn, bí Emiko ti kọ́ mi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ bàtà wọn bí ẹni pé bàtà ló kí wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n mú mi lọ kí ìyá Emiko, àna wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pọn omi gbígbóná kún agbada ìwẹ̀ ńlá kan, wọ́n ní èmi ni àlejò, kí n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́, ó tù mí lára dé egungun. Nígbà tí mo jáde, mo ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi: mo da omi ìdọ̀tí mi nù. Mo fa ìdérí tó wà nísàlẹ̀ agbada náà yọ, omi ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ lọ, mo sì fọ agbada mọ́ tónítóní kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé ire ni mo ti wá. Ìgbà náà ni Emiko ṣílẹ̀kùn, tó fi igbe bọnu. Omi kan náà ni gbogbo ilé fẹ́ wọ̀ tẹ̀lé ara wọn! Wọ́n á ti kọ́kọ́ fọṣẹ wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú omi náà wá jẹ́ fún jíjókòó lásán.

Mo wò wọ́n títí. Omi tí mo fi wẹ̀? Níbi tí mo ti wá, ọ̀tá ẹni nìkan ló ń wá omi ìwẹ̀ ẹni pa mọ́. Àna wa fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà, kò sí àpèjẹ kan tí kì í ti í sọ ìtàn ìyá aláwọ̀ dúdú tó da omi gbogbo ilé nù. Ó ń sọ ọ́ lójú mi, ó rò pé mi ò gbọ́.

Mo gbọ́. Ìjọba àdúgbò ń kọ́ àwọn àjèjì ní èdè lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn kan nítòsí ilé wa, mo sì jókòó síbẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí ìyá wọn. Mo kọ́ ọ bí mo ti kọ́ àwọn ọmọ Akínmọ̀ọ́rìn ní ìṣirò, díẹ̀díẹ̀, láì ṣojú àánú sí ara mi. Ní ọdún kẹta, ẹlẹ́ja kan di ẹja tó ti ń rà fún mi. Mo tú u sílẹ̀ lójú rẹ̀, mo ní lédè rẹ̀, "Ẹja yìí ti kú kí wọ́n tó bí ọ." Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Mo gbé ẹja náà délé bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún àfi Àdùkẹ́ àbúrò mi ní Fìdítì.

Ọ̀rọ̀ apá mi bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ooru àkọ́kọ́. Mo mú àwọn ọmọ lọ ṣeré níta, obìnrin kan rí apá mi, ó fa ọmọ tirẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Káyọ̀dé kó aṣọ alápá gígùn mẹ́fà wálé.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́dọ̀ wọn níbí, jàǹdùkú ló ń fín nǹkan sára."

"Ta ni jàǹdùkú? Èmi àbí bàbá rẹ?"

"Mi ò pè yín ní jàǹdùkú. Mo ní kí ẹ bò ó ni. Àwọn aládùúgbò ń wò wá."

"Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n kà ni? Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n kà, wọ́n á rí i pé orúkọ tí o ń jẹ́ ni."

Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó ń jẹ́ tẹ̀lé tirẹ̀. Òun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa, òun ni wọ́n kọ sórí tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó níyì lára ilẹ̀kùn. Lára mi ló di ohun ìtìjú.

Mo bò ó. Ẹni tó bá ń gbé nílé ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ìtẹríba lọ́jọ́ ogbó.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ dàgbà, wọn ò nílò ẹni tó ń mú wọn lọ mú wọn bọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Káyọ̀dé jókòó tì mí.

"Mọ́mì, ẹ ti ṣe wàhálà lórí àwọn ọmọ yìí. A mọ̀ ọ́n. A fẹ́ gbé yín lọ sí ìlú omi gbígbóná, gbogbo wa pátá. Ẹ ó wọnú omi, ara á tù yín."

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má rò pé omi ni mo fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí n jókòó láàárín ìdílé ọmọ mi, láì fi nǹkan bo apá, kí ọmọ mi sì jẹ́ kí ayé rí mi bí mo ti rí.

Mo pe Àdùkẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àti àna yín fẹ́ bọ́ra sí ìhòòhò nínú omi kan náà? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí èmi rí àyà yín?"

"Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀."

"Ìkọ́gòósì wà ní Èkìtì níbí, omi gbígbóná ń sun níbẹ̀ látayébáyé, ẹ ò lọ. Ó di ọ̀dọ̀ òyìnbó kí ara yín tó mọ̀ pé ó ń ro yín!" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, wọ́n ti fi obìnrin Ìlọrà ṣe ìyá ìjọ."

Mo ní, "Ó yẹ ẹ́. Ó mọ bí wọ́n ti ń ṣèpàdé."

Níbi tí a ó dé sí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àárín òkè méjì ni ìlú náà wà. Odò kan là á kọjá, èéfín omi gbígbóná sì ń jáde láti inú ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà bí ìgbà tí obìnrin púpọ̀ bá ń dáná lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá wà létí odò. Àwọn ilé àlejò kéékèèké ti àwọn arúgbó wà lókè. Ìyá Emiko ti yan òtẹ́ẹ̀lì tó tóbi jù: oúnjẹ oríṣiríṣi, ibi ìwẹ̀ tó dojú kọ odò. Káyọ̀dé ka òfin ibẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó sì da fóònù náà dojú bolẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" Mo ti mọ̀.

"Wọ́n ní ẹni tó bá ní àmì lára kò gbọ́dọ̀ wọ omi pẹ̀lú àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní yàrá tó ní ibi ìwẹ̀ tirẹ̀ nínú. Ẹ ó máa wẹ̀ níbẹ̀ ní tiyín, Mọ́mì. Ọkàn yín á balẹ̀."

"Èmi nìkan? Bí ẹni tó ní ẹ̀tẹ̀?"

Emiko, tí kì í ṣe ènìyàn búburú, mú nǹkan kan jáde nínú àpò rẹ̀. Pílásítà ńlá kan ni, tí wọ́n fi ń bo irú àmì bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti apá Emiko mu. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lápá wò. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kun ẹ̀fun sára ìkòkò dúdú, ẹyọ kan ò sì lè bo ju OYÈ lọ. KÚNLÉ wà níta. Èmi àti Emiko bú sẹ́rìn-ín. Káyọ̀dé kò rẹ́rìn-ín.

"A lè lẹ mẹ́ta," ló wí.

Mo ṣí i kúrò lápá mi. Mo ní, "Èmi ló ni ìsinmi yìí àbí èmi kọ́? N óò wá ibi tí a ó dé sí fúnra mi."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé àlejò tó wà lókè. Mi ò tíì fi èdè wọn pe ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó bẹ̀ mí títí bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí, ó sì kọ̀. Èkejì náà bẹ̀ mí, ó kọ̀. Obìnrin arúgbó ló gbé ẹ̀kẹta.

"Irú àwòrán wo ló wà lára yín?"

"Kì í ṣe àwòrán. Orúkọ ni."

"Orúkọ ta ni?"

"Ti ọkọ mi."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó ti kú."

Ó ní, "Bó bá wà láàyè ni, ǹ bá ní kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ó ti kú. Ẹ máa mú orúkọ rẹ̀ bọ̀."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jó kékeré kan láàárín ilé ìdáná. Mo ti rí ilé tó gbà mí, èmi fúnra mi, pẹ̀lú ẹnu ara mi.

Káyọ̀dé délé, mo sọ fún un. Kò bá mi yọ̀.

"Mọ́mì, ìyá Emiko ti fọkàn sí òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Kò ní sùn sí irú ibi tí ẹ ń wí yìí."

"Ìyá Emiko ló tọ́ àwọn ọmọ rẹ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú àna mi."

"Ta ni yóò wo ojú tèmi?"

Ó fọwọ́ pa orí. Ó ní a lè ṣe é báyìí: kí àwọn dé sí òtẹ́ẹ̀lì, kí èmi dé sí ilé àlejò tèmi lókè, kò kúkú jìnnà síra. A ó jọ máa rìn kiri lọ́sàn-án. Bí ọmọ mi ti pín wa nìyẹn, ó sì rò pé òun ti parí ìjà. Bàbá rẹ̀ náà máa ń parí ìjà bẹ́ẹ̀: ilé kan ní Fìdítì, ilé kan ní Ìlọrà, kí àlàáfíà lè jọba.

Wọ́n já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò náà ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ juwọ́ sí mi láti inú mọ́tò. Ìyá onílé náà kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó mú mi dé yàrá kan tó kọjú sí igbó, ó fún mi ní tíì, ó sì fi ibi ìwẹ̀ hàn mí lẹ́yìnkùlé: kòtò tí wọ́n fi òkúta tò yíká, omi gbígbóná ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti ara òkè.

Mo bọ́ra. Mo fọṣẹ wẹ̀ dáadáa bí wọ́n ti ń ṣe, mo sì rìn wọnú omi. Obìnrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àgbàlagbà gbogbo wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo apá mi. Ọ̀kan dìde, ó jáde. N kò ní purọ́ pé gbogbo wọn fọwọ́ méjèèjì gbà mí. Àwọn méjì yíjú sí òkè. Èyí tó kù, tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́, sún mọ́ mi, ó ń wò ó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ó dùn yín nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́?"

"Kò dùn mí nígbà náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló dùn mí."

Ó mi orí. "Tèmi náà kú. Kò kọ nǹkankan sí mi lára, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀."

Ó padà sí àyè rẹ̀. Ní Fìdítì, Ìyá Jàpáànì ni wọ́n ń pè mí báyìí, bí ẹni tó ti lọ tán. Wọn kì í bi mí ní ìmọ̀ràn mọ́, wọ́n kàn ń ròyìn fún mi ohun tí wọ́n ti ṣe. Ní Jàpáànì, ìyá Káyọ̀dé ni mí, ẹni tó da omi nù. Nínú omi yẹn mi ò jẹ́ ti ibì kankan, mo sì jókòó síbẹ̀ títí awọ ìka mi fi hunjọ. Mo wo orúkọ náà lábẹ́ omi. Mo ti ronú lọ́pọ̀ ìgbà pé bí mo bá lè fi kànìnkànìn bó o kúrò, mà á bó o. Lọ́jọ́ yẹn mo rí i pé èmi kò kórìíra apá mi. Ọkùnrin tó ni orúkọ ni mo kórìíra, èyí kò sì ní kí n máa bo ara mi nítorí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ alẹ́ wá, Káyọ̀dé pè. Ariwo àpèjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ara tù yín?"

"Ó tù mí."

"Ẹ ṣeun, Mọ́mì. N óò wá mú yín láàárọ̀."

Ó ń dúpẹ́ pé mi ò yọ òun lẹ́nu. Mo gbọ́ ohùn ìyá Emiko tó ń sọ ìtàn kan, mo sì gbọ́ ẹ̀rín tó tẹ̀lé e. Mo mọ ìtàn náà.

Ní òwúrọ̀ mo wọ aṣọ alápá kúkúrú. Mo wọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, àpò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nígbà tí Káyọ̀dé wọlé. Ìyá onílé jáde wá kí i, ó tẹríba bí àṣà wọn. Káyọ̀dé tẹríba ju tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkankan, ṣùgbọ́n ó la ẹnu, ó ní lédè wọn:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú nítorí apá ìyá mi. Àpá iná ni. Ìjàǹbá ló ṣe é nígbà èwe rẹ̀."

Ìyá onílé yíjú wò mí. Ó ti gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi lórí fóònù. Ó kàn ń retí ohun tí èmi yóò wí.

Mo ní lédè wọn, kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ ọ, "Kì í ṣe àpá iná. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni. Orúkọ tí òun náà ń jẹ́ ni."

Ojú Káyọ̀dé pọ́n. Ó padà sí Yorùbá.

"Mọ́mì! Kí ló dé? Ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Ojú ti ń tì ọ́ kí n tó la ẹnu."

"Ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ ń dúró nínú mọ́tò."

"Àwọn ọmọ tí mo tọ́? Sọ fún wọn kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá kí ìyá wọn àgbà níbi tó dé sí."

Ó wo apá mi. Ó bojú wẹ̀yìn wo ojú ọ̀nà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n má nà án.

"Mọ́mì, ìyá Emiko wà nínú mọ́tò pẹ̀lú wọn."

Mo yíjú sí ìyá onílé. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti gba yàrá tí mo sùn. Ó ní ó ṣófo. Mo tẹríba fún un, mo bọ́ bàtà mi, mo gbé àpò mi, mo sì padà sínú ilé.